Ẹsẹ̀ Bàtà Bùrọ̀dá Ràmọ́nì

Tírélà náà dúró gbagidi lẹ́nu géètì àdúgbò ní Pedro. Orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìnyín tuntun tí Ìbíyẹmí rà wà, èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tán sínú àpótí irin ńlá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n so omi àti iná mọ́ ọn, ó parí. Ṣùgbọ́n òpó géètì kò gbà á láyè, wáyà iná kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e gba òkè.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìbíyẹmí ti ń ṣe yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja etí omi Bàrígà. Ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ ti darúgbó, yìnyín rẹ̀ kò kárí mọ́. Ìyá Peculiar, tó ń rà jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, ti búra pé bí kúláà òun kò bá kún lónìí, Onípanu lòun yóò ti lọ máa ra yìnyín, òun ò sì ní padà wá.

Àwọn tó ta ẹ̀rọ náà ti bi í léèrè: ṣé kékeré méjì ni kí àwọn kó wá, àbí ńlá kan? Ńlá ló yàn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni fífẹ̀ rẹ̀, Bùrọ̀dá Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, sì ti sọ pé mẹ́sàn-án ni géètì.

“Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, tépù wo lẹ fi wọ̀n ọ́n?”

“Tépù kẹ̀?” Bàbá náà bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó gbé e sókè. “Èyí ni. Láti òpó dé òpó, mẹ́sàn-án géérégé!”

Ẹsẹ̀ Bùrọ̀dá Ràmọ́nì kò ju ti ọmọ iléèwé lọ. Dẹ́rẹ́bà tírélà bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Ìbíyẹmí gidigidi. Ká ní àbúrò ọkọ ni, ì bá gbọ́ èyí tí kò gbọ́ rí.

“Ẹ ti pa mí o, Bùrọ̀dá mi!”

“Èmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo pè mí lórí fóònù pé, ‘Ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ bàtà wọn géètì yẹn’? Kí ni mo wá fi wọ̀n ọ́n?”

Ìbíyẹmí rántí ìpè náà. Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá Peculiar ti fi kẹ̀kẹ́ márúwá dé pẹ̀lú àwọn kúláà òfìfo.

“Ẹ̀rọ náà ńkọ́?”

“Ó ti dé, mà. Ó kù díẹ̀ kó wọlé.”

“Díẹ̀ báwo?”

Ìbíyẹmí wo sálúbàtà ọwọ́ Bùrọ̀dá Ràmọ́nì.

“Ó ku ẹsẹ̀ bàtà kan.”

Ìyá Peculiar ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa gbé òun lọ sí Onípanu.