Ó-Ṣẹ̀ṣẹ̀-Lọ, Amọ̀nà Ọgbà Ẹranko

Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko ìjọba, ni wọ́n gba amọ̀nà kan tí ó mọ jíìpù wà, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn amọ̀nà ìgbà tiwa a máa lọ káákì wọn kí ó gún régé, wọn a sì mọ ohùn etu yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín. Èsì kan ṣoṣo ni ti eléyìí. Bí àlejò bá bi í pé kìnnìún dà, a ní, “Háà! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni.” Bí odò bá gbẹ, omi pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. A bá sọ ọ́ ní Ó-Ṣẹ̀ṣẹ̀-Lọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀, bí ó bá ti gbọ́ ìró jíìpù, yóò ní, “Ẹ gbé àga fún Ó-Ṣẹ̀ṣẹ̀-Lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

Ọ̀gá tuntun tí kò fẹ́ràn àwàdà ni ó dé. Ó pè é sí ọ́fíìsì.

“Bí àwọn àlejò tòní bá tún padà láìrí kìnnìún, kọ́kọ́rọ́ jíìpù dọwọ́ mi.”

“Ẹ má ṣèyọnu, sà. Wọ́n á rí i.”

Ẹnu ni ó fi sọ ọ́. Jíìpù yẹn ni ó ń bọ́ ilé rẹ̀.

Wọ́n wọ igbó títí, ìmàdò nìkan ni ó yọjú, òun náà sì kọ̀dí sí wọn. Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn àlejò tí kò gba gbẹ̀rẹ́.

“Amọ̀nà, kìnnìún dà?”

“Háà, màmá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ẹ wo koríko tó tẹ̀ yẹn.”

“Ta ló mọ̀ bóyá ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀? Lọ fọwọ́ kàn án. Bó bá ṣì gbóná, mo gbà fún ẹ.”

Òfin ọgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan koríko. Ó gbóná ní tòótọ́! Kìnnìún yọ sáàárín òun àti jíìpù, ó yánu. Amọ̀nà wa kò mọ bí òun ṣe dé orí igi. Ẹranko náà sì nà gbalaja sí ìbòòji igi ọ̀hún, àwọn àlejò ń ya fọ́tò, inú wọn ń dùn.

Nígbà tí ó tẹ́ kìnnìún lọ́rùn, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Amọ̀nà, máa bọ̀!”

“Ó ti lọ, màmá?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni!”

Ọkùnrin náà tún gun ẹ̀ka tí ó ga sí i.

Ìyá àgbà ni ó fóònù sí ọ́fíìsì. Èmi àti ọ̀gá bá a lórí igi.

“Sọ̀ kalẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi: ṣé ó lọ, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Orí igi ni ó bá ti amọ̀nà wa sí. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn, ọ̀gá na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ nítorí òfin tí ó rú, ṣùgbọ́n ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ gba kí ni? Amọ̀nà tó fi ara rẹ̀ pe kìnnìún fún wa! Òun náà ni yóò mú wa wọ igbó lọ́la.”

Ọ̀gá ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Amọ̀nà nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀la yẹn.