Ajá Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ní Ilé Ẹṣin Wa

Kò pẹ́ tí mo dé ilé ọkọ tí mo fi mọ òfin ìyá ọkọ mi lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ̀ sí ilé wa gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Adìẹ inú àgò lè wọlé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn, ìdí igi ọdán iwájú ilé ni kí wọ́n so wọ́n mọ́. Ẹni tó bá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá, kó wá ibi tí yóò so ó sí lọ́jà. Ajá àti ọ̀bọ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yìn Ọjà'ba ni ilé wa wà, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Mápó. Wọn ò tíì kọ́ gbọ̀ngàn sórí òkè náà nígbà yẹn. Koríko àti àpáta là ń rí bí a bá gbójú sókè. Ogun ti parí, òyìnbó ti wà nílùú, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń kó èrò dé. Àwọn oníṣòwò tó ń ti Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí títí ọjà wọn yóò fi tán. Ilé tiwa sì ní yàrá tó ṣófo púpọ̀. Àwọn ọmọ ogun bàbá bàbá ọkọ mi ló ń gbé inú wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò sí ogun mọ́, wọ́n gba oko lọ, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló ń gba àlejò. Agbẹ̀bí ni, obìnrin kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kò sí ilé kan láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ tí obìnrin ti ń rọbí tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Bàbá ọkọ mi ní tirẹ̀ jẹ́ àfáà, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ sí i.

Ọ̀bọ ló fa òfin náà. Kí n tó dé ilé ọkọ, ọkùnrin kan tó ń ta àgúnmu mú ọ̀bọ kan wọ̀ síbẹ̀. Ó so ó mọ́ òpó, ó gba ọjà lọ. Ọ̀bọ tú okùn, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò ẹ̀wà tí wọ́n sè fún sàráà, ó jẹ èyí tó lè jẹ, ó sì fi ìyókù ra ògiri. Ìyá ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í lè gbọ́ ọ dé ìdí kí ẹ̀rín tó pa á. Ti ajá kò nílò ìtàn kankan. Ilé mùsùlùmí ni.

Nínú gbogbo àlejò wa, Ìyá onílẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Opó ni, láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló ti ń wá, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó titun kì í ní ẹni púpọ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí oyún mi àkọ́kọ́ hàn, nígbà òjò, ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, igbá ìlẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀, ajá pupa rúsúrúsú kan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọsánmà ti ṣú.

“Ẹ kú ilé o,” ó kí wa.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá onílẹ̀kẹ̀,” ìyá ọkọ mi dáhùn. Lẹ́yìn náà ló rí ajá. “Ta ló ni èyí?”

“Èmi ni mo ni ín.”

“Ẹ kúkú mọ òfin ilé yìí.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní bóyá ẹ ó wo ojú mi ni.”

“Ojú yín ni mò ń wò yìí. Ẹ̀yin ẹ máa wọlé bọ̀, kí ajá dúró síta.”

Ìyá onílẹ̀kẹ̀ kò bínú. Ó ní, “Bí kò bá ní í wọlé, a jẹ́ pé àwa méjèèjì la ó jọ dúró síta.” Ó rìn lọ sí ìdí igi ọdán, ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ajá náà sì dùbúlẹ̀ tì í.

Kò pẹ́ tí òjò dé. Ìyá ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tí a ti ṣà láàárọ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

“Ìyàwó, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, Ìyá.”

“Ajá ńkọ́?”

“Wọ́n ti bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bò ó.”

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fi ẹní kan borí, ó jáde sínú òjò. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí i tó dúró lé wọn lórí bí ẹni tó fẹ́ jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ká ìborùn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ikùn ajá, kò sì sọ ohun tó ní lọ́kàn láti sọ mọ́.

“Ajá yìí lóyún.”

“Ó lóyún. Kò ní í pẹ́ bí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi lè fi í sílẹ̀. Àwọn tó wà nílé wa kò ní í rántí fún un ní omi.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ẹ ti dé?”

“Ẹ kò bi mí.”

Ìyá ọkọ mi gbójú sókè, ó wò mí ní ẹnu ọ̀nà, èmi tí mo fi ọwọ́ ti ikùn tèmi. N kò mọ ohun tó rò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wọlé, ó lọ bá bàbá ọkọ mi, ó sì kúnlẹ̀.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó ní, “Ibi tí a ti ń kírun, ajá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí àwọn màláíkà. Ilé ẹṣin kì í ṣe ibi tí a ti ń kírun.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Gbogbo kéú tí mo ké, n kò rí ibi tí wọ́n ti ní ká fi ẹranko tó lóyún sínú òjò.”

Ilé ẹṣin náà wà ní igun àgbàlá, níbi tí wọ́n máa ń so ẹṣin ogun mọ́ nígbà ayé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹṣin mọ́. Igi ìdáná là ń kó síbẹ̀. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ kó igi sí apá kan, mo gbá ilẹ̀, a tẹ́ koríko gbígbẹ. Ajá wọ inú rẹ̀, ó yí po, ó dùbúlẹ̀. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí Ìyá onílẹ̀kẹ̀ ṣe gbé igbá rẹ̀ tí ó sì wọ ibẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìyá ọkọ mi ní, “Yàrá yín wà lọ́hùn-ún.”

“Ilé àjèjì ni fún un. Bí kò bá rí mi, igbe ni yóò máa ké, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ sùn.”

“Ẹ fẹ́ kí ará Ọjà'ba máa wí pé mo fi àlejò mi sí ilé ẹṣin?”

“Èmi kò ní í sọ fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà ká ìyá ọkọ mi lára gan-an. Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó mú ẹní rẹ̀ tó dára jù jáde, èyí tí kì í tẹ́ fún ẹnikẹ́ni àfi àwọn àna, ó tẹ́ ẹ sí ilé ẹṣin, ó sì gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbẹ̀gìrì àti ẹ̀kọ ni. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé kó má fún ajá ní ẹran inú ọbẹ̀. Mo sì gbọ́ tí ìyẹn dáhùn pé òun ti fún un.

Wàhálà dé lọ́jọ́ kejì. Ajá jáde wá omi, ó rí búta àlùwàlá Bàbá lẹ́bàá ògiri, ó fi ahọ́n lá ẹnu rẹ̀. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ lérí. Ó ní òun ti mọ̀, òun ti sọ, ohun tí òun ń sá fún náà nìyí. Ìyá onílẹ̀kẹ̀ jáde, kò bẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní, “Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.” Bàbá sọ fún un: ìgbà méje, kó fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú ọ̀kan nínú wọn. Òun tí kì í ṣe mùsùlùmí jókòó sí àgbàlá, ó ń fọ búta, ó ń kà á sókè kó má baà ṣì í. Nígbà tó parí, Bàbá gbà á, ó pọn omi sí i, ó sì fi ṣe àlùwàlá lójú gbogbo wa. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ búta mọ́. Láti ọjọ́ náà, orí ògiri ni búta ń gbé.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ajá bímọ. Ìyá onílẹ̀kẹ̀ wá kan ìlẹ̀kùn, ó ń ké pe ìyá ọkọ mi. Obìnrin tó ń dá rìn láti Ọ̀yọ́ kò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ìyá ọkọ mi ti dé ibẹ̀ kí n tó wé gèlè. Ó lóṣòó, kò fọwọ́ kàn án, ó kàn ń wò ó. Ó ké sí mi.

“Ìyàwó, wá jókòó síbí. Wo bó ṣe ń mí.”

Mo jókòó. Ẹ̀rù ìrọbí ti ń bà mí láti ìgbà tí mo ti lóyún, n kò sì lè sọ ọ́ jáde, nítorí agbẹ̀bí tí ǹ bá sọ ọ́ fún gan-an ni ìyá ọkọ mi. Ajá náà mí, ó sinmi, ó tún mí. Ọmọ kan jáde, ó lá a. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn yè. “Ṣé o rí i,” ni ìyá ọkọ mi wí, “kò bá ara rẹ̀ jà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ tèmi pé, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú, mo sì bí ọmọbìnrin mi láìsí ewu.

Ìyá onílẹ̀kẹ̀ kò lè lọ kíákíá bó ṣe rò. Ó ń ta ọjà rẹ̀ ní Ọjà'ba, nígbà mìíràn ó ń gbé e dé Oríta-mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ìyá ọkọ mi á jókòó sẹ́nu ilé ẹṣin, wọn á jọ máa sín ìlẹ̀kẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé wọn kò pe ara wọn ní “ẹ̀yin” mọ́. Nígbà tó di dandan kó lọ kó ọjà wá, ó fi ajá àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ìyá ọkọ mi ní òun kò lè máa se oúnjẹ fún ajá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ń lọ sí ilé ẹṣin ní àràárọ̀ kò mọ níwọ̀n, bí mo bá sì bi í, á ní èyí tó ti kan ni òun ń dà nù.

Nígbà tí Ìyá onílẹ̀kẹ̀ padà dé, ó mú ìyá ajá àti méjì nínú àwọn ọmọ lọ. Ọdẹ kan gba ọ̀kan, tíṣà kan tó ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì gba ìkejì.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú oríṣiríṣi ẹran wá. Òfin titun jáde. Ẹni tó bá mú ẹran wá ni yóò bọ́ ọ, òun ni yóò gbá ilé ẹṣin, yàrá tó sún mọ́ ọn ni yóò sì sùn sí kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló dùn. Àgbò kan jẹ etí aṣọ òfì àlejò mìíràn, ìjà fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìgbà kan wà tí eégbọn mú wa débi tí a fi fi ewé sun ilẹ̀ gbogbo àgbàlá. Ọkùnrin kan sì mú ọ̀bọ wá, ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ ni ọ̀bọ òun. Ìyá ọkọ mi fún un ní omi mu, ó júwe ilé ẹlòmíràn fún un.

Obìnrin kan tó ń gba àlejò ní Oríta-mẹ́rin wá bá ìyá ọkọ mi, ó ní ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ gbogbo àwọn onílé lọ́wọ́, pé ẹni tó bá gba ẹran wọlé ti sọ ilé rẹ̀ di gáà Fúlàní. Ìyá ọkọ mi fún un ní obì. Ó ní, “Mo máa ń wo bí àlejò ṣe ń ṣe sí ẹran rẹ̀. Èyí tó bá ń fún un lómi kí òun tó mu, n kì í ṣọ́ yàrá mi nítorí rẹ̀.”

Èmi náà ti gba àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti rí i pé òótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ràn ẹran rẹ̀, kò sì fẹ́ràn èèyàn rárá. Irú wọn a máa rojọ́ oúnjẹ, wọn a máa rojọ́ ariwo ọmọ kéú. Síbẹ̀, n kò lé wọn. Mo máa ń gbé oúnjẹ fún wọn, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹran wọn sùn dáadáa. Ìbéèrè yẹn ló sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.