Àwo Kejì Tí N Kò Wò

Ajá náà kì í ṣe tiwa tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo máa ń bá fọ aṣọ ní Ọbáníkòró ló ni ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá ránṣẹ́ pè é sí òkè òkun. Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, ó fa okùn ajá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ò rí ẹlòmíràn tí òun lè fọkàn tán. Ajá funfun, onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tí wọ́n ń fi ọṣẹ ọmọ tuntun wẹ̀ fún, tó ń sùn lórí tìmùtìmù, tó ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú sàdíìnì. Mo gbà á torí pé n kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé rárá fún ìyá náà. Mo sì gbà á nítorí ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà.

Yàrá kan ni èmi àti ọmọ mi ń gbé ní Bàrígà nígbà náà. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé nǹkan máa dẹrùn, èmi náà sì ń sọ ọ́. Bàbá onílé wa, Mùsùlùmí tí kì í pariwo, ní ajá lè máa gbé ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n kó má dé ibi tí òun ti ń ṣe àlùwàlá. A so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga. Ewúrẹ́ kọjá, á gbọ̀n. Ọ̀kadà kọjá, á gbọ̀n. Èbà tí mo fún un, ó kàn fi imú kàn án ni, ó wá wo ojú mi bíi pé mo ṣì í mú fún ẹlòmíràn. Obìnrin kan nínú ilé wa ní, "Ajá yín yìí, ẹ ò ṣe kúkú bá a gba ọmọ ọ̀dọ̀." A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ajá náà ń rù.

Àkókò yẹn gan-an ni mo yá fíìmù kan fún ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pedro. Fíìmù àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà, tó ń rìn, ni, ti ajá kan tí wọ́n ń kẹ́ nínú ilé ńlá, tó wá bá ara rẹ̀ ní títì. Àwo méjì ni fíìmù kan máa ń jẹ́ nígbà náà. Àkọ́kọ́ nìkan ni mo bá. Oníṣọ́ọ̀bù ní ẹnì kan ti yá èkejì lọ, kò tíì dá a padà. Mo ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é ládùúgbò wa: a ó wo ìdajì fíìmù, a ó sì fẹnu parí èyí tó kù.

Àwo àkọ́kọ́ parí síbi tí òjò ti ń pa ajá náà nínú páálí kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ mi bú sẹ́kún, kò jẹun. Mo gbé e jókòó lórí itan mi.

"Ó padà sílé," ni mo wí. "Ó ń fi imú gbóòórùn ọ̀nà lọ títí tó fi dé ẹnu géètì wọn."

"Ṣé ẹ ti wò ó, Màmá?"

"Mo ti wò ó."

N kò wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti Ṣómólú, níbi tí mo ti ń bá àwọn atẹ̀wé ká ìwé, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ajá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọmọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn náà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun mú un dé ìparí àdúgbò, òun fún un ní sàdíìnì tó kù nínú agolo, òun wá tú u sílẹ̀.

"Kò fẹ́ràn ibí, Màmá. Ilé wọn ló ń rò. Mo ní kó máa gbóòórùn lọ."

Ó ń retí kí n yìn ín. N kò lè jágbe mọ́ ọn. Ta ni ǹ bá jágbe mọ́?

Mo wá ajá náà dé Pedro, mo wá a dé Ọbáníkòró. Fọkanáísà kan létí títì ńlá ní òun rí ajá funfun kan tó dúró pẹ́, tó ń wo mọ́tò bí ẹni ń wo omi tí kò mọ̀ bó ṣe jìn tó. Ó ní nígbà tí òun tún máa gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́. Nílé ìyá náà, àwọn akunlé ló wà níbẹ̀. Ajá kankan kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rìn. Bàbá onílé, tí kò fẹ́ kí ajá sún mọ́ òun, ń bi mí láràárọ̀ bóyá mo ti gbúròó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi bi mí bóyá ajá wa ti dé ilé wọn. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní ó ti délé, mo rí i. Ọmọ mi jó yí yàrá ká.

Ó tó oṣù kan kí oníṣọ́ọ̀bù tó ní àwo kejì ti dé. Èmi fúnra mi ni mo lọ mú un. Mo rò pé ayọ̀ ni mo ń gbé lọ sílé. Èmi àti ọmọ mi jọ jókòó, ó fi orí ti apá mi. Ajá inú fíìmù náà kò padà sílé. Ó rí mọ́tò àwọn tó ni ín tó ń kọjá lọ, ó sáré tẹ̀ lé e, kò bá a. Àwọn ajá títì ló bá gbé títí fíìmù fi parí.

Ọmọ mi gbé orí rẹ̀ kúrò lápá mi. "Ẹ ní ẹ ti wò ó."

Mo na ọwọ́, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

"Tiwa ńkọ́?"

Mo ní n kò wo fíìmù yẹn rí. Mo ní n kò rí ajá wa.

Kò sunkún. Ì bá sàn fún mi bó bá sunkún. Ó dìde, ó lọ mú okùn náà níbi tó fi í kọ́ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ká a pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dì í mọ́ àyà.

"Ó jẹ sàdíìnì yẹn tán kó tó lọ," ló wí, kò wo ojú mi. "Ìyẹn, mo rí i."