Bí Màmá Mi Ṣe Fi Ìwé Òwúrọ̀ Sílẹ̀

Òórùn iṣu sísun ló máa ń jí wa nígbà ọyẹ́, nílé wa ní Kàbà. Màmá á ti ki iṣu bọ iná kí àdúrà òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń tòògbé lórí ẹní, imú wa kì í sùn.

Bàbá mi, tíṣà ni, òun ló máa ń gbàdúrà. Màmá ló máa ń ka ìwé ẹ̀kọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì pín fún wa, tí àwa yòókù á sì máa fojú bá a lọ nínú tiwa. Yorùbá ilé-ìwé ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Owé, èdè ìlú wa, ló wà lẹ́nu Màmá lóko àti lọ́jà. Bó bá kan ọ̀rọ̀ tí Owé ní tirẹ̀ fún, ti Owé ló máa pè, láìmọ̀ pé òun yí i padà. Ojú wa á rí ọ̀kan, etí wa á gbọ́ òmíràn, gbogbo wa á sì gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí adìyẹ tó gbúròó àṣá. A ò bá a wí o. Bàbá kàn máa ń sọ fún àwa ọmọ pé, "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," kí a má baà gbé Owé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Màmá rí bí a ṣe ń gbórí sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ìwé náà sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní, "Gbà, máa kà á. Ẹnu tèmi ń bà á jẹ́." Kò kà á mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú wa dùn, nítorí ìwé tètè ń parí, a sì tètè ń débi iṣu. Ó ń dùn mí dòní pé inú wa dùn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé ọpọlọ ẹni tó ń kàwé ti máa ń retí ọ̀rọ̀ tó kàn kí ojú tó débẹ̀. Bí òmíràn bá yọ, á ta gìrì kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti fi kọ́ ọ ló ń retí.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà sàn jù mí lọ, torí Owé ló fi ń ṣeré níta. Èmi, bí ará ilé bá fi Owé ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń kà á kó tó yé mi.

Nígbà Kérésì tó kọjá, mo dé láti Àbújá, mo bá Màmá níwájú ilé. Òun àti aládùúgbò wa kan kí ara wọn ní "Okun o," ni Owé bá ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí mi, ó tún ìró rẹ̀ wé.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní, bí ẹni ń kí àlejò. "Ṣé àlàáfíà lo dé?"

Yorùbá ilé-ìwé ni. Kò ṣì í níbì kankan.