Ọdún Kérésì Tó Ń Dúró De Awakọ̀

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Káyọ̀dé. Mi ò tíì kí yín, mi ò tíì dárò yín tán, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín ló gba ọkàn mi. Ṣé wọ́n á tún jọ wálé ní Kérésìmesì, nígbà tẹ́ ò sí mọ́?

Háà, ikú! O mú ọkọ mi lọ! Awakọ̀ tí kì í sá eré àsápajúdé, ọmọ Ajílété tó fi Bwari ṣe ilé, ó dàárọ̀ o.

Bí ọyẹ́ bá ti bo òkè Bwari, tí Àbújá ń dá páropáro, ẹ̀yin lẹ máa ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ọdún. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, ojú ọ̀nà lẹ máa ń wà. A ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó jẹ ìrẹsì aládùúgbò, ṣùgbọ́n adìẹ tiwa á ṣì máa ké lẹ́yìnkùlé. Báńgà á máa dún gbàù nílé onílé. Fúnmi, ọmọbìnrin wa, á gbé aṣọ ọdún rẹ̀ àti awò ojú oníke dání, kò ní wọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi dé. Ìyá Ràfíù, ará Ìlọrin tá a jọ ń gbé, á yọjú lójú fèrèsé: "Kai! Ìyá Káyọ̀dé, ṣé Jésù tiyín ò tíì rí mọ́tò wọ̀ ni?"

Tẹ́ ẹ bá wá fọn fèrè ọkọ̀ ní kọ́nà, ilé dàrú nìyẹn! Ẹja yíyan Lọ́kọ́ja lọ́wọ́, eruku ti sọ irùngbọ̀n yín di pupa. Bàbá Kérésì tiwa nìyẹn, kò ní irùngbọ̀n funfun. Káyọ̀dé tiẹ̀ sọ fún tíṣà Sọ́ńdè-sukúù pé ọjọ́ tí bàbá òun bá dé ni wọ́n bí Jésù. Ẹ rẹ́rìn-ín títí: "Kò parọ́. Ọjọ́ tílé bá pé lọdún dé."

Ní báyìí, Káyọ̀dé ní iṣẹ́ Èkó ò jẹ́ kóun ráyè. Fúnmi, tó wà ní Lokogoma ní Àbújá níbí, ní ọ̀dọ̀ àwọn àna òun ló kàn. Ẹ̀yin la máa ń dúró dè. Ta ni wọ́n á dúró dè báyìí? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, lẹ́yìn ìsìnkú yín lónìí, ìsìnkú tèmi ló tún máa kó wọn jọ.

Mo ti pinnu. Ìgbà táwọn méjèèjì bá lè jọ wá, ìbáà wọ oṣù kìíní, ìgbà náà ni màá ṣe ọdún.

Ẹ sinmi, ọkọ mi. Ẹ ti gbé gbogbo èrò délé láyọ̀. Ó wá kan ẹ̀yin náà. Oorun ire o.

Káyọ̀dé, Fúnmi, ẹ fẹnu kò sí ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó pínyà níbí, kẹ́ ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù kíá. Tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ jọ kọ o, kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá Káyọ̀dé