Ọmọ Mi Pe Bàbá Rẹ̀ ní Párísì

Ọmọ mi kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Accra lọ sí Párísì. Oyún rẹ̀ ló wà nínú mi nígbà tí ọkọ mi wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Inú fóònù lọmọ náà ti mọ bàbá rẹ̀. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Kokomlemle, yóò máa fẹnu ko ojú fóònù, yóò máa pe, "Dádì! Dádì!"

Nígbà tí mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì fún wa ní físà, mo sọ fún ọkọ mi pé à ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀. Màá wá pàdé yín."

Kò wá. A jókòó ní pápákọ̀ òfuurufú títí ọmọ fi sùn lọ lórí itan mi, kó tó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kóun ráyè, kí n wá òtẹ́ẹ̀lì kan dé sí.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dá ọmọ kiri ìlú àjèjì nìyẹn. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání láti ilé, àṣé àtẹ̀gùn ló kún ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kan, mo fa ọmọ lọ́wọ́ kejì, àwọn èèyàn ń yà fún wa bí ẹni ń yà fún òpó. Lọ́jọ́ kejì mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo pọn ọmọ mi. Ọkùnrin kan ya wá ní fọ́tò létí odò, kò béèrè, kò tilẹ̀ kí wa.

Ó ku ọ̀la ká padà kí ọkọ mi tó ní ká wá bá òun nínú ọgbà tó wà nídìí ilé ìṣọ́ onírin tí gbogbo ayé ń lọ wò. Mo wẹ̀ fún ọmọ, mo tún irun rẹ̀ dì.

Obìnrin kan ló dì mọ́ ọkọ mi lápá nígbà tó dé. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Ọkọ mi fi èdè òyìnbó sọ fún un pé àbúrò òun láti Accra nìyí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Màá ṣàlàyé."

N kò tíì la ẹnu tí ọmọ fi já lọ́wọ́ mi. "Dádì!" Ó sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Obìnrin náà béèrè ohun tó ń sọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ọkùnrin lọmọ yẹn máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wá ń yọ ìka ọmọ rẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa èèmọ́ kúrò lára aṣọ.

Mo fi èdè òyìnbó sọ ọ́ ketekete: "Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nìyí."

Obìnrin náà wo ojú ọmọ, ó wo ti ọkọ mi, ó fa apá rẹ̀ yọ, ó ń lọ. Ọkọ mi sáré tẹ̀ lé e. Kò bojú wẹ̀yìn wo ọmọ tó ń ké.

Nígbà tí a padà dé, ilé ìyá mi ní Madina ni a kọ́kọ́ yà sí. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó gbọ́ ọ dópin, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó lọ bu oúnjẹ fún un. Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí ọkọ mi fi wá bẹ̀ mí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní, "Ìyàwó wa, mú sùúrù. Ìlú òyìnbó le, ọkùnrin ò lè dá gbé."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n sẹ́. Ẹ bẹ òun náà."

Ọmọ ń jẹ kẹ́ńkè lórí ẹní, ọbẹ̀ ata kùn ún lẹ́nu. Bàbá wò ó títí, wọ́n sì mú fìlà wọn.

Ọkọ mi ṣì máa ń pè lórí fóònù. N kì í gbé e. Pásítọ̀ wa ní kí n dárí jì í, mo sì ń ṣe àmín. Èyí tó ṣe sí mi, bóyá n óò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tó ṣe sí ọmọ mi kò kúrò lọ́kàn mi.