Ọwọ́ Tó Jóná Mọ́ Hẹ́dà Dwight

Bàbá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, kó má di pé mò ń tú àṣírí ilé. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje, ó ti hu eyín méjì, inú mi ń dùn débi pé mi ò ráyè bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ owú tí Dádì jẹ lóṣù tó kọjá, bí mi ò bá sọ ọ́, àfi kí n bẹ́.

Elden lorúkọ wọn. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi da irin gbígbóná ní iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odò. Lára ohun tí wọ́n ń dà níbẹ̀ ni mánífóòdù, irin wúwo tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò kó tó wọ salẹ́ńsà. Mọ́tò Dádì, Pontiac aláwọ̀ ewé kan, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló jáde. Mánífóòdù tó bá a wáyé ló ṣì wà lára ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n dà á. "Bóyá èmi gan-an ni mo dà á," Dádì máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró wò ó. Ta ló fẹ́ já wọn nírọ́?

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo Fúráìdé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ nílùú wa máa ń kó o lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù aiskirimu. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó máa purọ́ fúnra wọn. Mọ́tò Dádì lèrò máa ń pé lé lórí jù. Àfi ìgbà tí Dwight dé pẹ̀lú páálí kan.

Dwight ni aládùúgbò wa ní òdìkejì títì, òun náà ní mọ́tò àtijọ́. Òun àti Dádì jọ lọ sílé ìwé ni, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, orogún sì ni wọ́n. Hẹ́dà ló wà nínú páálí yẹn: páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin fún apá ọ̀tún, mẹ́rin fún apá òsì, wọ́n lọ́ ọ kọ́lọkọ̀lọ, ó ń dán bíi dígí. Ó ní òun máa yọ mánífóòdù tòun dànù, òun á fi hẹ́dà rọ́pò ẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì òun lè mí dáadáa, kó sì pariwo. Ni gbogbo wọn bá fi mọ́tò Dádì sílẹ̀, wọ́n lọ bo páálí. Páálí o! Dádì jókòó nìkan, aiskirimu ń yọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn tá a jẹun ọ̀sán, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín tó tóbi ju búrẹ́dì tá a fi í sí lọ, Dádì ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí nasẹ̀." A ò tíì rìn jìnnà tá a fi bá ara wa nínú gáréèjì Dwight. Gáréèjì ṣí sílẹ̀, onílé ti lọ ra ọ́ìlì. Ó ti de hẹ́dà náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò tíì tan án.

Dádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó.

"Yẹpẹrẹ," wọ́n ní. "Páìpù lásán. Kò ní pẹ́ dípẹtà."

Wọ́n tún wò ó. Ni wọ́n bá na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márààrún, wọ́n gbé e lé e bí ẹni ń fọwọ́ ra orí ọmọ.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Wọ́n á rí wa."

"Ta ló máa rí wa? Ọmọ yìí ló máa sọ ni?"

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe tí kò mọ̀ pé bí hẹ́dà tó ń dán kò bá tíì gbóná rí, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kàn án. Bó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá ọwọ́ á jóná mọ́ ọn, kì í kúrò mọ́. Dádì ló kọ́ Cody ọkọ mi ní ìyẹn! Owú ló gbé e kúrò lórí wọn.

Ní Wẹ́sídeè, Dwight tan ẹ́ńjìnnì. Ó bú! Fèrèsé ilé ìdáná wa gbọ̀n, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Dádì gbé ife kọfí sílẹ̀. Ní Tọ́sìdeè, wọ́n wakọ̀ lọ sílùú kejì, wọ́n ra hẹ́dà tiwọn, wọ́n gbé e pa mọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n ní Sátidé làwọn máa yọ mánífóòdù. Mánífóòdù tí wọ́n ń pè níṣẹ́ ọwọ́ wọn o! Cody bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́.

Nígbà tó di Fúráìdé, gbogbo wa wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aiskirimu. Dwight ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan figbe ta.

"Dwight, ọwọ́ ta rèé?"

Lóòótọ́, àmì ọwọ́ èèyàn wà lára hẹ́dà náà, gbogbo ẹ̀, ó pọ́n bíi búrẹ́dì tó fẹ́ jóná.

"Kì í ṣe tèmi o! Mo fi spírítì nù ún lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dè é."

"Ọwọ́ olówú nìyẹn!"

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, àwọn ọkùnrin tò, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tèmi kéré."

"Tìẹ dà bí ọwọ́ ọ̀bọ, gbé e kúrò."

"Elden, wá gbé tìẹ náà wò."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," Dádì dáhùn. "Mi ò lè bẹ̀rẹ̀."

Èmi kàn tẹjú mọ́ ọmọ mi. Ni Noreen, ìyá ọkọ mi, bá ní, "Elden, oṣù Keje la wà yìí. Òtútù wo ló ń mú ọ tó o ki ọwọ́ bọ àpò?"

Ẹ̀rín sọ. Dádì fa ọwọ́ yọ, wọ́n rìn lọ, wọ́n gbé e lé e. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ṣebí o lè bi mí kó o tó fọwọ́ kàn án," Dwight sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

"Mi ò fẹ́ bi ọ́. Ó wù mí ni, Dwight. Ó wù mí débi pé ó ń dùn mí."

Dwight bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní pààrọ̀ ẹ̀ láyé, kí gbogbo ayé máa wá wo ọwọ́ Elden.

Láàárọ̀ Sátidé, Dwight gbé sípánà wá sí gáréèjì wa.

"Noreen ní o ti ra tìẹ. Jẹ́ n ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo kìlọ̀ fún ọ o, nǹkan yìí ti jó wáyà mi, èéfín sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Ṣé mo ya wèrè ni?"

Dádì fi sípánà mú bóòtù àkọ́kọ́ tó de mánífóòdù. Kò yí. Wọ́n ta ọ́ìlì sí i, wọ́n dúró, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó wà lára irin náà.

"Tún un fà," Dwight ní. "Nígbà tó bá di Fúráìdé, méjèèjì á jọ máa bú. Tèmi, tìẹ."

Bí Dádì ṣe gbé sípánà sílẹ̀ nìyẹn.

"Tìẹ, tèmi," wọ́n ní. "Wọ́n á ní Elden wo Dwight kọ. Rárá o! Kó máa wà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dá hẹ́dà tiwọn padà síbi tí wọ́n ti rà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mánífóòdù wà níbẹ̀ títí dòní, nọ́ńbà ẹ̀ ò sọnù. Àmọ́ bí Dwight bá ń kọjá, tí títì ń mì, Dádì á dúró pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

"Jẹun, Elden," Noreen á ní.

"Mò ń jẹun."

Irọ́ ni. Ó dìgbà tí ìró yẹn bá lọ tán kí wọ́n tó gbé e mì.